Irọ́ ni pé káńsù làwọn Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ ń dá sílẹ̀ níbi tí wọ́n bá tẹ̀dó sí

Gbogbo ìgbà tí àríyànjiyàn bá bẹ́ sílẹ̀ lórí ìjọba ìbílẹ̀, ẹnì kan kì í pẹ́ sọ pé: "Ẹ wo àwọn òyìnbó. Ibi yòówù kí wọ́n dé, káńsù ni wọ́n kọ́kọ́ ń dá sílẹ̀. Láti ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ ìjọba lọ sókè, ìdí nìyẹn tí tiwọn fi dúró." Ọsirélíà ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ. Ó pẹ́ tí èmi náà ti gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́. Ìgbà tí mo jókòó ti ìtàn New South Wales, ilẹ̀ àmúsìn àkọ́kọ́ tí Britain dá sílẹ̀ ní Ọsirélíà, ni mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà dojú kodò. Òkè ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ìsàlẹ̀ ló dé gbẹ̀yìn, àwọn tó tẹ̀dó síbẹ̀ gan-an ló sì dínà mọ́ ọn.

Ọdún 1788 ni ọkọ̀ àwọn ẹlẹ́wọ̀n gúnlẹ̀ sí Sydney. Fún ohun tó lé ní àádọ́ta ọdún, gómìnà àti àwọn adájọ́ tó yàn ló ń rí sí ohun gbogbo, títí kan ọ̀rọ̀ kòtò àti afárá. Kò sí káńsù kankan. Ní 1842 ni ìjọba Britain ní London ṣe òfin kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn mọ̀ dáadáa, torí òun ló fún New South Wales ní ìgbìmọ̀ aṣòfin ẹlẹ́ni 36, tí aráàlú dìbò yan 24 nínú wọn. Apá kan wà nínú òfin yẹn tí wọn kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ó ní kí gómìnà pín ilẹ̀ náà sí àgbègbè àgbègbè, kí àgbègbè kọ̀ọ̀kan ní ìgbìmọ̀ tirẹ̀, kí ìgbìmọ̀ yẹn máa gba owó-orí, kí ó máa tún títì ṣe, kí ó sì máa san ìdajì owó ọlọ́pàá tó wà ládùúgbò rẹ̀.

Owó ọlọ́pàá yìí ni àwọn tó tẹ̀dó síbẹ̀ ò lè gbé mì.

Ẹ jẹ́ ká wo ọ̀rọ̀ náà láti ọ̀dọ̀ wọn, nítorí ìbínú wọn kì í ṣe lásán. London ló kó àwọn ẹlẹ́wọ̀n wá, torí àwọn ẹlẹ́wọ̀n ni ọlọ́pàá ṣe pọ̀ rẹpẹtẹ. Ní 1840 ni wọ́n dáwọ́ kíkó ẹlẹ́wọ̀n wá sí New South Wales dúró, àmọ́ àwọn tí wọ́n ti kó dé ṣì wà nílẹ̀. Báwo ni ẹni tó ń sin àgùntàn yóò ṣe wá máa san gbèsè yẹn? Ìgbà tí ọ̀rọ̀ yìí dé tún burú. Ọjà ti wó, báńkì ń dojú dé, owó àgùntàn sì já wálẹ̀ débi pé ní 1843 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í da odindi agbo sínú ìkòkò ńlá, wọ́n ń se wọ́n kí wọ́n lè rí ọ̀rá wọn tà fún àwọn tó ń ṣe àbẹ́là àti ọṣẹ, torí ọ̀rá àgùntàn ti níye lórí ju àgùntàn fúnra rẹ̀ lọ. Àsìkò yẹn gan-an ni Gómìnà George Gipps fi ìwé àṣẹ dá ìgbìmọ̀ àgbègbè lé ní ogún sílẹ̀.

Ìgbìmọ̀ aṣòfin tuntun, tí William Wentworth jẹ́ ògbóǹtarìgì nínú rẹ̀, kò ràn án lọ́wọ́. Wọn ò fún àwọn ìgbìmọ̀ àgbègbè náà ní agbára tí wọn yóò fi rí owó gbà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìgbìmọ̀ tí kò lówó, kí ló fẹ́ fi tún títì ṣe? Àwọn mìíràn jókòó ìpàdé bíi mélòó kan, àwọn mìíràn ò tilẹ̀ ṣe nǹkan kan, gbogbo rẹ̀ sì kú sórí bébà. Ní 1846 Gipps padà sílé, káńsù ò gbilẹ̀. Ẹ kíyè sí i: àwọn aṣòfin tí aráàlú fi ìbò yàn ló pa ìjọba ìbílẹ̀ yìí, aṣojú ọbabìnrin ló ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n gbà á. Nínú ìtàn tí wọ́n ń sọ fún wa, ṣebí gómìnà ló yẹ kó máa dènà.

Ẹnì kan á ní Sydney ńkọ́? Òótọ́ ni, Sydney àti Melbourne, tó ṣì wà lábẹ́ New South Wales nígbà náà, ní káńsù àti méyọ̀, ìyẹn olórí káńsù, ní 1842. Adelaide tilẹ̀ ṣáájú wọn ní 1840, àmọ́ South Australia ni tiẹ̀. Gbọ̀ngàn ìlú tó rẹwà tí wọ́n kọ́ lẹ́yìn náà ló jẹ́ kí èèyàn rò pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ilẹ̀ náà rí. Àwọn káńsù wọ̀nyí gan-an ò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Káńsù Adelaide wó lulẹ̀ ní 1843 torí àìrówó. Méyọ̀ àkọ́kọ́ Sydney, John Hosking, wọ gbèsè láàárín ọdún kan, ó sì fi ipò sílẹ̀. Ní 1853 àwọn aṣòfin tú káńsù Sydney ká pátápátá, kọmíṣánnà mẹ́ta ló sì ń darí ìlú náà láti 1854 títí wọ́n fi dá káńsù padà ní 1857.

Ní 1858 wọ́n tún gbìyànjú. Lọ́tẹ̀ yìí wọn ò fi dandan mú ẹnikẹ́ni. Òfin ní kí àádọ́ta onílé kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí gómìnà tí àdúgbò wọn bá fẹ́ káńsù. Bí àwọn tó fọwọ́ sí ìwé àtakò bá sì pọ̀ ju àwọn tó bẹ̀bẹ̀ lọ, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Ìwé ìkéde ìjọba ni wọ́n ń tẹ àwọn ẹ̀bẹ̀ náà sí, ẹ lè kà wọ́n lónìí lórí Trove, àkójọ íntánẹ́ẹ̀tì ti ilé ìkówèésí àpapọ̀ Ọsirélíà. Orúkọ ló tò lọ bẹẹrẹ: alágbẹ̀dẹ, onísọ̀, àgbẹ̀, akọ́lé. Tí ẹ bá ka ẹ̀bẹ̀ tán, ẹ wá àtakò rẹ̀. Níbẹ̀ lẹ ti máa rí àwọn aládùúgbò kan náà tí wọ́n ń bẹ gómìnà pé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi káńsù dá wa lóró.

Randwick tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Sydney àti Wollongong tó wà létí òkun wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbà, ní oṣù kejì ọdún 1859. Ní Shoalhaven, Alexander Berry tó ní ilẹ̀ lọ súà bá káńsù jà débi pé ọ̀rọ̀ di ti ilé ẹjọ́. Ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ bá pọ̀ ni owó-orí ilẹ̀ máa ni lára jù, irú wọn ló sì lówó lọ́yà.

Àmọ́ kí ló dé tí àwọn tí kò ní ilẹ̀ rẹpẹtẹ náà ò fẹ́ ẹ? Níbí lọ́rọ̀ wà. Ìjọba New South Wales tó wà ní Sydney ló ń san owó títì àti afárá. Aṣòfin tó bá fẹ́ padà wọlé gbọ́dọ̀ gba afárá wá fún àwọn èèyàn rẹ̀. Ilẹ̀ tí ìjọba ń tà ni apá tó pọ̀ nínú owó náà ti ń wá: lábẹ́ òfin 1861, èèyàn lè yan ilẹ̀ láti éékà 40 dé 320, pọ́n-ùn kan lórí éékà, kó san ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ sílẹ̀. Ilẹ̀ yìí, àwọn ọmọ onílẹ̀ tí wọ́n ti ń gbé orí rẹ̀ láti ayébáyé ló ni ín, ẹnikẹ́ni ò sì san kọ́bọ̀ fún wọn kí ìjọba tó ń tà á. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni sọ ìtàn ìjọba ibẹ̀ kó fo èyí. Owó ilẹ̀ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹlòmíràn ló jẹ́ kí ẹni tó tẹ̀dó rí títì láì san owó-orí. Tí títì bá ti ń wá lọ́fẹ̀ẹ́, ta ni yóò fọwọ́ sí ìwé pé kí wọ́n máa gbowó lọ́wọ́ òun?

Òtítọ́ díẹ̀ wà nínú ohun tí àwọn èèyàn ń sọ o. Ní Victoria, tó ya kúrò lára New South Wales ní 1851, ìjọba ń fi owó kún owó tí àwọn àdúgbò bá fúnra wọn gbà jọ, káńsù sì tàn ká ibẹ̀ kíákíá. Gẹ̀ẹ́sì kan náà ni, èdè kan náà, ọbabìnrin kan náà. Ọ̀nà tí owó ń gbà ni kò dọ́gba.

Ní New South Wales, títí ọ̀rúndún kọkàndínlógún fi parí, ilẹ̀ tó wà lábẹ́ káńsù kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ó di 1905 àti 1906 kí àwọn aṣòfin tó fi òfin dandan dá 134 ìjọba ìbílẹ̀ sílẹ̀ ní ìgbèríko. Ìjọba àpapọ̀ Ọsirélíà ti pé ọdún márùn-ún nígbà yẹn. Àwọn ará ìgbèríko ti dìbò yan ilé aṣòfin àpapọ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó ní káńsù tí yóò dí kòtò iwájú ilé wọn. Òfin náà ò tilẹ̀ kan ìpẹ̀kun ìwọ̀-oòrùn. Tí ẹ bá wa mọ́tò kúrò ní Broken Hill lọ sí Silverton tàbí Tibooburra lónìí, ilẹ̀ tí kò ní káńsù kankan lẹ ń gbà kọjá.