"Ṣé ọkọ yín ló wà nínú ìwé yìí?"

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí kí n tó sùn, torí inú ti ń bí mi láti Sátidé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá síbi ìpàdé ìwé kíkà ní Bódìjà lọ́jọ́ náà mọ ohun tí mò ń sọ. Òǹkọ̀wé wa jókòó, wọ́n ka ojú ìwé mẹ́ta sétí wa nínú ìtàn àròsọ wọn tuntun. Ọkọ àti aya, àwọn méjèèjì ti lé ní àádọ́ta ọdún, ọmọ ti tán nílé. Ọkọ ń wo ìròyìn, aya ń ṣa ẹ̀wà. Wọn ò jà. Kò sí àlè níbẹ̀, kò sí orogún, ìyá ọkọ gan-an ò yọjú. Obìnrin yẹn kàn ń ṣa ẹ̀wà ni, ó ń ka iye ìgbà tí ọkọ rẹ̀ wúkọ́. Omi lé sí mi lójú.

Ìgbà tó kan ìbéèrè, bọ̀ọ̀dá kan tó wọ léésì dìde, ó gba máìkì. "Mọ́mì, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣùgbọ́n ṣé ọkọ yín ló wà nínú ìwé yìí?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Bọ̀ọ̀dá ò tíì ṣetán o. Ó ní irú ìwé báyìí ló ń kọ́ àwọn ìyàwó ilé ní àìmoore, pé ọkọ tí kì í lu ni, tó ń gbọ́ bùkátà, kí ni wọ́n tún ń wá lára ẹ̀? Àwọn èèyàn sì pàtẹ́wọ́ fún un! Ní Ìbàdàn ńbí, níbi tí wọ́n ti dá Mbari, ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé àti oníṣẹ́ ọnà, sílẹ̀ ní 1961, ìlú tó ń fi ìwé yangàn. Ẹni tó bá kọ̀tàn iwin inú igbó, a kì í bi í bóyá ìyá ẹ̀ ni iwin.

Òǹkọ̀wé náà rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ọkọ àwọn ò tiẹ̀ tíì ka ìwé ọ̀hún. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ parí sí. Wọ́n gbé mínírà àti mítípáì dé.

Àwọn tó ní irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ò ládùn, n ò ní bá wọn fà á. Oríṣi ìtàn ìgbéyàwó méjì ló mọ́ wọn lára: èyí tó parí síbi aṣọ ẹbí, àtèyí tó parí sí kóòtù ìbílẹ̀ Mápó. Ẹ fún wọn ní ìwé tí Mariama Bâ, ará Sẹ̀nẹ̀gà, gbé jáde ní 1979, wọ́n á ní ìyẹn ni ìtàn, torí ọkọ tó wà níbẹ̀ pa ìyàwó ọdún 25 àti ọmọ 12 tì, ó lọ gbé ọ̀rẹ́ ọmọ ara ẹ̀ níyàwó. Ẹjọ́ ti wà níbẹ̀, a ti mọ ẹni tó jẹ̀bi. Àwọn tí kò sẹ́ni tó jẹ̀bi láàárín wọn ńkọ́?

Torí mo mọ̀ wọ́n. Àǹtí mi àti ọkọ wọn wà ní Òkè-Àdó, ọdún 33 rèé. Ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti lo gbogbo sẹ́kọ́ńdírì mi, mo sì lè fọwọ́ sọ̀yà pé n ò rí ọjọ́ kan tí wọ́n dojú kọra wọn sọ̀rọ̀ tó nítumọ̀. Àwa ọmọ ni wáyà. "Lọ sọ fún bàbá ẹ pé gáàsì ti tán." "Sọ fún màmá ẹ pé mo ti gbọ́." Nígbà míì, pálọ̀ kan náà làwọn méjèèjì jókòó sí, wọ́n ń gbọ́ ohùn ara wọn ketekete, síbẹ̀ màá dìde, màá lọ dúró níwájú Dádì, màá tún un sọ. Bí ìjà bá wà, èmi ni mò ń bomi là á. Àǹtí á ní, "Sọ fún wọn pé n kì í ṣe ẹrú wọn o!" Tí mo bá débẹ̀, màá ní, "Wọ́n ní ó rẹ àwọn díẹ̀, sà."

Nígbà tó yá, èyí àkọ́bí lọ Kánádà, ìkejì tẹ̀ lé e, àbíkẹ́yìn gba Lọ́ńdọ̀nù lọ. Àǹtí náà lọ wẹ ọmọ fún oṣù mẹ́fà. Ìgbà tí wọ́n dé lọ́dún tó kọjá, mo lọ kí wọn. Fláàsì méjì ni mo bá lórí tábìlì kíṣìnì, pupa kan, búlúù kan. Búlúù ni ti Dádì. Dádì tí kò mọ ibi tí ọmọrogùn ń gbé tẹ́lẹ̀ ti kọ́ omi sísè nígbà tí Àǹtí ò sí, wọ́n ti kọ́ àmàlà rírò, wọn ò sì padà lẹ́yìn ẹ̀ mọ́. Àǹtí ní, "Wọn kì í bi mí ní nǹkan kan mọ́," bí ẹni tí wọ́n jà lólè.

À ń já ẹ̀fọ́ lọ́wọ́ ni fóònù wọn dún. Dádì ló fi WhatsApp ránṣẹ́ láti pálọ̀: Gáàsì ti fẹ́ tán o. Àǹtí fi àtàǹpàkò kan dá wọn lóhùn, wọ́n nu ọwọ́, wọ́n ń bá ẹ̀fọ́ lọ.

Kí bọ̀ọ̀dá oníléésì wá sọ fún mi pé ìyẹn kì í ṣe ìtàn.

Ni mo bá ra ìwé náà, mo gbé e lọ sí Òkè-Àdó ní Sọ́ńdè. Mo ti ṣẹ́ etí ojú ìwé tí ẹ̀wà wà. Àǹtí wá awò ojú wọn, ó pẹ́ kí wọ́n tó rí i, wọ́n kà á díẹ̀díẹ̀, ẹnu wọn ń jì. Èmi ń ṣọ́ ojú wọn, mò ń retí omijé. Wọ́n pa ìwé dé, wọ́n yí i padà, wọ́n wo fọ́tò ẹni tó kọ ọ́ títí.

"Ọkọ ẹ̀ ló wà nínú ẹ̀?"

Ẹnu yà mí. Mo ní, Àǹtí, èwo lẹ tún ń bèèrè yìí, ìtàn àròsọ mà ni.

"Bí kò bá ṣe ọkọ ẹ̀, níbo ló ti gbọ́ ọ?" Wọ́n bọ́ awò, wọ́n tẹjú mọ́ mi. "Àbí ìwọ lo lọ sọ tiwa fún un?"

Mo ní rárá o.

Sọ́ńdè nìyẹn. Òní ni Túsìdé, ẹ wá wo ohun tí mo jókòó tì.