T-38 kì í ṣe ọmọ F-5
Wọ́n ń pín in kiri pé bàálù ogun F-5 tí wọ́n yọ ìbọn kúrò lára rẹ̀, tí wọ́n fi àga kejì sí, ni bàálù ìkọ́ṣẹ́ T-38 Talon. Kò rí bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ kan náà tí Northrop, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe bàálù, ṣe ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n pè ní N-156, ni àwọn méjèèjì ti jáde. T-38 ló sì kọ́kọ́ fò, ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹrin 1959. Ọjọ́ 30 oṣù Keje ọdún náà ni N-156F, tó di F-5, tó gbéra. Ẹ̀gbọ́n ni wọ́n ń pè lọ́mọ! Ìrísí wọn ló ń tan èèyàn: ẹ́ńjìnnì J85 méjì, ìyẹ́ kúkúrú, imú ṣóńṣó.