Àga Méjì Tí Wọ́n So Pọ̀: Èrò Ọkàn Mi Lórí Martin McGuinness

Bí wọ́n ṣe ń sọ ìtàn Martin McGuinness, ó dà bí ẹni pé jagunjagun kan sùn, ó jí, ó di olóṣèlú. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Lójú tèmi, ọkùnrin yẹn ò fi bẹ́ẹ̀ yí padà, ohun ìjà ọwọ́ rẹ̀ ló pààrọ̀.

Derry, ní Àríwá Írẹ́lándì, ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1950, ní Bogside, àdúgbò àwọn Kátólíìkì. Ọmọ ọdún 15 ló fi ilé ìwé sílẹ̀, ó lọ ń bá alápatà ṣiṣẹ́. Nígbà tí àwọn sójà Gẹ̀ẹ́sì fi ń yìnbọn pa èèyàn 13 níbi ìwọ́de ní Derry, ní January 30, 1972, òun ni igbákejì ọ̀gá IRA nílùú náà, ìyẹn ẹgbẹ́ ọmọ ogun abẹ́lẹ̀ tó ń jà kí Àríwá Írẹ́lándì lè kúrò lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Kí ọdún yẹn tó parí, wọ́n ti fi ọkọ̀ òfuurufú gbé òun àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ Gerry Adams lọ sí London, kí wọ́n lọ bá William Whitelaw, mínísítà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, sọ̀rọ̀ ní bòókẹ́lẹ́. Ọmọ ọdún 22 péré!

Ó ní òun ti kúrò nínú IRA láti 1974. Ẹni tó bá gbà á gbọ́, kó gbà á gbọ́ o. Èmi ò sí lára wọn. Tí àwọn ọmọ ogun yẹn ò bá kà á sí ara wọn, ṣé wọ́n á gbọ́ tirẹ̀ nígbà tó ní kí wọ́n kó ìbọn sílẹ̀ ní 2005? Àmọ́ ẹ̀tọ́ àwọn tí IRA pa èèyàn wọn ni láti bínú pé kò sọ gbogbo ohun tó mọ̀.

Gbogbo ayé ló ń sọ nípa bó ṣe bọ Ọbabìnrin Elizabeth lọ́wọ́ ní Belfast ní 2012. Àwòrán nìyẹn. Ibi tí agbára rẹ̀ wà gan-an ni ipò tó dé ní May 2007, tí òun àti Ian Paisley, olórí DUP, ẹgbẹ́ tó fẹ́ kí Àríwá Írẹ́lándì wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, jọ bẹ̀rẹ̀ sí í darí ibẹ̀. Orúkọ ipò náà ń tanni jẹ: wọ́n ń pè é ní igbákejì, síbẹ̀ agbára òun àti ti olórí dọ́gba. Tí ọ̀kan bá kọ̀wé fipò sílẹ̀, ipò ti bọ́ lọ́wọ́ ìkejì náà nìyẹn. Ní 2017, ọjọ́ méje péré ni wọ́n ní láti fi ẹlòmíì rọ́pò. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìdìbò ti dé.

Ohun tó mú un lo àṣẹ yìí ni owó igi ìdáná. Ìjọba ń sanwó fún iléeṣẹ́ tó bá ń fi igi wẹ́wẹ́ tí wọ́n kì pọ̀ mú ilé gbóná, ṣùgbọ́n wọn ò fi òdiwọ̀n sí i: ẹni tó bá sun igi tó jẹ́ owó pọ́n-ùn kan, pọ́n-ùn 1.60 ló máa gbà padà. Bó o bá ṣe ń dáná tó, bẹ́ẹ̀ ni èrè ń wọlé tó, ì báà jẹ́ ilé tó ṣófo lò ń mú gbóná. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé àpọ̀jù ìnáwó náà lè tó mílíọ̀nù 490 pọ́n-ùn láàárín 20 ọdún. Arlene Foster, tó jẹ́ olórí ìjọba nígbà yẹn, ni mínísítà tó dá ètò náà sílẹ̀. McGuinness ní kó yẹ̀bá díẹ̀ ná kí wọ́n ṣèwádìí. Foster kọ̀ jálẹ̀.

January 9, 2017, McGuinness kọ̀wé fipò sílẹ̀. Àìsàn ti mú un rù kan eegun, ohùn rẹ̀ ò fẹ́ẹ́ jáde mọ́. Ẹgbẹ́ rẹ̀, Sinn Féin, ò fa ẹnì kankan kalẹ̀. Nígbà tí wọ́n dìbò ní March 2, DUP, ẹgbẹ́ Foster, ní ìjókòó 28, Sinn Féin ní 27.

Ọjọ́ 19 lẹ́yìn náà ló kú. Foster lọ síbi ìsìnkú rẹ̀ ní Derry, bó ṣe wọ ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́ fún un. Àga méjèèjì sì ṣófo títí di January 2020.