Ọ̀sẹ̀ Méjì Péré

Tẹ́ ẹ bá wọ ilé mi lóṣù tó kọjá, tẹ́ ẹ ní níbo la ti ń fọ abọ́, màá kọ́kọ́ wolẹ̀ ná kí n tó dá yín lóhùn. Bálùwẹ̀ ni. Ṣíbí àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín jọ ń gbé inú kọ́ọ̀pù kan náà. Kànrìnkànrìn ìfọbọ́ àti kànrìnkànrìn ìwẹ̀ ti di ìbejì tẹ́nì kankan ò dá mọ̀ yàtọ̀ mọ́. Ìyá àwọn ọmọ mi ní èyí tó ní àwọ̀ ewé ni ti abọ́. Mo ti fi èyí tó ní àwọ̀ ewé wẹ̀ tán lọ́jọ́ kan kí n tó rántí.

À ń tún kíṣíìnì ṣe ni. Ẹ má rò pé ògiri ló fẹ́ wó lù wá o. Kíṣíìnì wa àtijọ́ ò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù kan ló máa ń ké tá a bá ṣí i, epo díẹ̀ àti ìṣó méjì ni ì bá sì pa á lẹ́nu mọ́. Àmọ́ ayé ti dayé ṣekárími. Ẹni tí kíṣíìnì rẹ̀ bá ti lé lọ́dún mẹ́wàá, ṣe ni wọ́n ń wò ó bí ẹni tó wọ bàtà tí àtàǹpàkò ń yọjú lẹ́nu rẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi kan ló kó bá mi. Ó ní ká wá sílé òun. Kò pè wá wá jẹun o, kíṣíìnì ló ní ká wá wò. A dé ibẹ̀, a tò yí i ká, a ń sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ bí ẹni tó wá kí ìyá ìkókó. Díẹ̀ ló kù kí n ní ẹ kú ewu. Mo wá bi í pé ìgbà wo niṣẹ́ ọ̀hún gbà. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ọ̀rẹ́ẹ̀ mi, ọ̀sẹ̀ méjì péré ni." Ẹyẹ kì í sọ fẹ́yẹ pé òkò ń bọ̀.

Bí kọngílá ṣe wọlé wa, ó wo òkè, ó wo ilẹ̀, ó mí kanlẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ta ló ṣe eléyìí fún yín?" Mo ti wá mọ̀ báyìí pé ìbéèrè yẹn ni gbogbo oníṣẹ́ ọwọ́ fi ń kí ilé. Púlọ́ńbà dé, ó bi wá nípa iṣẹ́ kọngílá. Oníná dé, ó bi wá nípa iṣẹ́ púlọ́ńbà. Nígbà tí káfíńtà máa fi bèèrè tirẹ̀, mo ní èmi ni mo ṣe é.

Wíwó ò le. Ọjọ́ kan péré ni wọ́n fi wó o, ọjọ́ yẹn nìkan sì niṣẹ́ bá àdéhùn mu láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dópin. Eruku ló gba ilé lọ́wọ́ wa lẹ́yìn ìyẹn. A ta ọ̀rá dí ẹnu ọ̀nà, ó gba abẹ́ rẹ̀ wọlé. A ti kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ pa, a bá a nínú àpò ẹ̀wù. Iyọ̀ ń dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ léyín, a ò sì mọ èyí tó jẹ́ iyọ̀ níbẹ̀ mọ́. Àbíkẹ́yìn mi fi ìka kọ ọ́ gàdàgbà sójú tẹlifíṣàn pé: EBI Ń PA MÍ.

Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá. Mo bi kọngílá léèrè, ó ní ká ní sùúrù, kí kọnkéré gbẹ dáadáa ná. Lóòótọ́, kọnkéré kì í bá èèyàn ṣe fáàrí. Ọjọ́ 28 ni àwọn tó mọṣẹ́ fi ń dúró kí wọ́n tó dán agbára rẹ̀ wò, àtè táìlì náà sì sábà máa ń fẹ́ bíi wákàtí 24 kí ẹsẹ̀ tó tẹ̀ ẹ́. Ìyẹn nìkan ti kọjá ọjọ́ 14 tí wọ́n ṣèlérí fún mi. Ta ló wá bá sìmẹ́ńtì ṣàdéhùn tí kò sọ fún mi?

Káfíńtà ní tirẹ̀ ti wọn gbogbo nǹkan sílẹ̀ kí wọ́n tó tẹ́ táìlì. Nígbà tí àtè àti táìlì gbé ilẹ̀ sókè tán, fíríìjì ò wọ abẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù mọ́. Ìwọ̀n ìka kan péré ló fi ga jù. Ìka kan yẹn ló gbé fíríìjì lọ sí pálọ̀, ó jókòó síbẹ̀ bí àlejò tó kọ̀ tí ò lọ, a sì ń gbé àga yẹ̀ fún un kí ilẹ̀kùn rẹ̀ lè ṣí.

Ẹ jẹ́ n mú yín dé Jámánì díẹ̀. Lọ́dún 1926, Margarete Schütte-Lihotzky, obìnrin ayàwòrán ilé kan, ya àwòrán kíṣíìnì kan fún ilé àwọn òṣìṣẹ́ nílùú Frankfurt. Kò ju nǹkan bíi mítà 1.9 ní ìbú àti mítà 3.4 ní gígùn lọ, wọ́n sì kọ́ nǹkan bí 10,000 irú rẹ̀. Aago ni wọ́n fi ṣọ́ iye ìṣẹ́jú tí ẹni tó ń dáná ń lò láti ìdí iná dé ìdí síńkì, kó má bàa rìn jù. Obìnrin yìí jẹ́wọ́ nígbà tó yá pé òun ò dáná rí nígbà tóun ya á. Ẹni tí ò dáná rí ló jókòó ro ti ẹni tó ń dáná. Àwa tá à ń dáná lójoojúmọ́, àlejò là ń rò.

Ìdí nìyẹn tá a fi wó ògiri tó wà láàárín kíṣíìnì àti pálọ̀, kí àlejò lè máa wò ó látorí àga. Òórùn alùbọ́sà díndín ń wò ó látibẹ̀ náà, kọ́tìnnì ló sì ń sùn sí. Ìdí nìyẹn tá a fi gbé erékùṣù sáàárín kíṣíìnì. Bí wọ́n ṣe ń pe káńtà tó dá dúró láàárín nìyẹn, erékùṣù. Omi ló ń yí erékùṣù ká níbòmíràn. Gbèsè ló yí tiwa ká.

Lọ́dún 1940 sí 1949, àwọn ọ̀mọ̀wé Yunifásítì Illinois ní Amẹ́ríkà gbé ìlànà onígun mẹ́ta jáde: iná, síńkì àti fíríìjì. Ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó so wọ́n pọ̀, tá a bá rò wọ́n pọ̀, kò gbọ́dọ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà 26 lọ. Tiwa rèé lóṣù kẹta: iná wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, síńkì wà ní bálùwẹ̀, fíríìjì wà ní pálọ̀. Onígun mẹ́ta tiwa gba yàrá àwọn ọmọ kọjá.

Ó wá ku òkúta orí káńtà. Òkúta àtọwọ́dá ni ayé ń gbé kiri báyìí, èyí tí wọ́n fi àtè po mọ́ ìyẹ̀fun òkúta. Ọmọkùnrin kan ló ń gé e níwájú ilé wa. Ẹ̀wù ara rẹ̀ ló so mọ́mú. Eruku funfun bò ó títí dé ìpéǹpéjú. Mi ò rẹ́rìn-ín níbẹ̀ o. Eruku òkúta yẹn a máa ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ kọjá àtúnṣe, ohun tí Ọsirélíà rí nìyẹn tí wọ́n fi fòfin de irú òkúta bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 2024. Mo ní kí wọ́n dúró. Kọngílá ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó ti mọ́ ọn lára." Mo ní òkúta mìíràn ni mo fẹ́.

La bá ra mábù. Ẹni tó tà á fún wa gba owó tán kó tó sọ pé omi ọsàn wẹ́wẹ́ ò gbọ́dọ̀ kàn án, fínígà náà ò gbọ́dọ̀ kàn án, nítorí pé nǹkan kíkan a máa jẹ ojú mábù, àpá rẹ̀ kì í sì í fọ̀. Mo ní kí wá la máa ṣe lórí ẹ̀? Ó rò ó títí. Ó ní, "Ẹ lè gbé òdòdó lé e."

Iṣẹ́ parí lóṣù kẹrin. Kíṣíìnì dán, ó ń tàn yòò. Ìyá àwọn ọmọ dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ pẹ̀lú ìkòkò lọ́wọ́, ó wo mábù, ó wo ìkòkò, ó sì padà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ní, "Bàbá àwọn ọmọ, ẹ jẹ́ n fi ibí ṣe ti òní ná." Ti òní yẹn ti di ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Àwọn ọmọ ò tiẹ̀ bèèrè, bálùwẹ̀ ni wọ́n ń gbé abọ́ lọ tààrà.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, aládùúgbò wa kan àti ìyàwó rẹ̀ wá wo kíṣíìnì. Wọ́n tò yí erékùṣù ká, wọ́n ń sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́. Ọkùnrin náà fẹ́ gbé ife ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀, ìyá àwọn ọmọ ti ki ìnùwọ́ sábẹ́ ẹ̀ kó tó balẹ̀. Ọbẹ̀ ń hó lọ́wọ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ fa imú, ó ní òórùn ọbẹ̀ yìí mà dára o, ibo ló ti ń wá? Mo ní bóyá ilé kejì ni.

Ọkọ rẹ̀ fọwọ́ pa mábù lórí. "Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe kékeré o. Ìgbà wo niṣẹ́ yìí gbà?"

Mo wo ìyá àwọn ọmọ. Ìyá àwọn ọmọ ń wo òkè àjà.

"Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni," ni mo wí, mo sì ti ń wá nọ́ńbà kọngílá nínú fóònù mi.