Ewé Akíntọ́lá wà lẹ́yìnkùlé wa, egbò àtọ̀gbẹ ṣì ń gé wa lẹ́sẹ̀

Ìyá kan ń dín àkàrà ládùúgbò wa. Lọ́jọ́ kan ẹyinná ta sí i lẹ́sẹ̀, kò mọ̀ rárá, àfìgbà tí ọmọ ẹ̀ rí i pé awọ ti bó lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ẹ̀, torí ìtọ̀ ṣúgà ti pa ẹsẹ̀ yẹn kú tipẹ́, iná jó o kò mọ̀, òkúta gún un kò mọ̀. Wọ́n já ewé Akíntọ́lá lẹ́yìnkùlé, wọ́n rún un, wọ́n fún omi ẹ̀ sí i, wọ́n fi àkísà dì í. Nígbà tó máa di ọ̀sẹ̀ kejì ó ti ń rùn. Kí wọ́n tó gbé e dé ọsibítù, ọmọ ìka méjì ti dúdú bí èédú, wọ́n sì gé wọn.

A ò ní bú ìyá yìí, a ò sì ní bú àwọn tó lọ já ewé. Ewé yẹn kì í ṣe ewé lásán. Ta ló dàgbà lábúlé tí wọn ò fún omi ẹ̀ sójú ọgbẹ́ ẹ̀ rí tí ẹ̀jẹ̀ dá? Ní Vietnam, ewé yìí kan náà ni wọ́n gbé wọ láàbù, wọ́n yọ omi ara ẹ̀, wọ́n fi ṣe oògùn egbò àti iná jó, ìjọba wọn fọwọ́ sí i, àwọn onímọ̀ wọn sì bá àwọn ará Oxford nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n rí i pé ó ń jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì tó ń hun awọ tuntun pọ̀ sí i. Àwa ń fi àdá ṣán an dànù lóko.

Àmọ́ egbò àtọ̀gbẹ yàtọ̀ sí ọgbẹ́ ọ̀bẹ. Òun ni egbò adáàjinná gan-an. Ṣúgà tó pọ̀ lẹ́jẹ̀ ti ba iṣan tó ń jẹ́ kára mọ ìrora jẹ́, ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà dé ẹsẹ̀ ti fún, àwọn ọmọ ogun ara ò lè jà dáadáa, ojú egbò wá ń wú, ó ń gbóná, kò kúrò níbẹ̀. Tó o bá wá lọ fi ewé tútù tí erùpẹ̀ wà lára ẹ̀ lé e lórí, o ti gbin kòkòrò síbẹ̀ nìyẹn.

Ibí yìí ni jẹ́ẹ̀lì táwọn dókítà ń pè ní hydrogel ti wọlé. Ẹni tó bá ti dúró ní yàrá tí wọ́n ti ń wẹ egbò rí á mọ nǹkan tá à ń sọ: gọ́ọ̀sì á ti gbẹ mọ́ ojú egbò, nọ́ọ̀sì á máa da omi iyọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀, á rọra máa ṣí i, síbẹ̀ awọ tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ á bá a jáde, tẹ̀jẹ̀tẹ̀jẹ̀, iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta á bàjẹ́ láàárín ìṣẹ́jú kan. Jẹ́ẹ̀lì yìí kì í lẹ̀ bẹ́ẹ̀. Omi ló pọ̀ jù nínú ẹ̀, ó máa ń jẹ́ kójú egbò rin díẹ̀, ó sì ń tù ú. Àwọn àgbà wa máa ń ní ká jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí egbò kó lè gbẹ, àmọ́ láti 1962 ni onímọ̀ kan, George Winter, ti fi ẹlẹ́dẹ̀ ṣe ìdánwò nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó rí i pé awọ tuntun ń yára bo ọgbẹ́ tí wọ́n bò tó rin ju èyí tí wọ́n ṣí sílẹ̀ kó gbẹ lọ.

Nǹkan tuntun táwọn onímọ̀ wá ń ṣe báyìí ni pé wọ́n ń po èròjà ara ewé mọ́ jẹ́ẹ̀lì yìí. Ẹ wo èyí tó wà nínú ata ilẹ̀ pupa, tó máa ń tu wíwú: kì í yòrò nínú omi, ara kì í rí i lò dáadáa, àmọ́ tí wọ́n bá tì í sínú jẹ́ẹ̀lì á máa jáde wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ sójú egbò. Ká má parọ́ fúnra wa ṣá, púpọ̀ nínú iṣẹ́ yìí ṣì wà lára eku nínú láàbù. Àmọ́ ní Taiwan wọ́n ti gbé tiwọn kọjá ibẹ̀. Ìpara ni wọ́n fi ewé méjì ṣe, kì í ṣe jẹ́ẹ̀lì, wọ́n dán an wò lára èèyàn 236 tó ní egbò àtọ̀gbẹ lẹ́sẹ̀, wọ́n tẹ èsì ẹ̀ jáde lọ́dún 2021. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 16, nínú 122 tó lo ìpara, 74 ló jinná pátápátá, nínú 114 tó lo báńdéèjì ìgbàlódé, 40 ni. Ewé ló ṣe bẹ́ẹ̀ o, ewé tí wọ́n wọ̀n, tí wọ́n fọ̀, tí wọ́n kà.

Ìdí nìyẹn tí a ò fi gbà pẹ̀lú àwọn tó ń ta jẹ́ẹ̀lì àgbo nínú ọkọ̀ àti lórí WhatsApp, tí wọ́n ń sọ pé egbò ìtọ̀ ṣúgà á jinná lọ́jọ́ méje. Nọ́ńbà NAFDAC tí wọ́n ń nàka sí lára ike, ẹ ka ohun tó wà lábẹ́ ẹ̀ dáadáa, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé NAFDAC ò tíì yẹ ohun tí olóògùn ń sọ wò. Àwọn ọ̀gá nínú ìtọ́jú ẹsẹ̀ alátọ̀gbẹ lágbàáyé pàápàá sọ lọ́dún 2023 pé ká má tíì torí àtiwo egbò yìí lo báńdéèjì tí wọ́n po egbòogi mọ́, ẹ̀rí ò tíì tó. A gbà fún wọn. Àmọ́ ta ni ká máa retí kó wá ẹ̀rí ewé Akíntọ́lá fún wa?

Ìwádìí kan táwọn dókítà wa ṣe ní ọsibítù ńlá 6 láàárín 2016 sí 2017 rí aláìsàn 336 tí wọ́n dá dúró nítorí egbò ẹsẹ̀ àtọ̀gbẹ. 119 ni wọ́n gé lẹ́sẹ̀. 69 kú. Èyí tó pọ̀ jù lára àwọn 336 náà ló ti lo ju oṣù kan lọ nílé pẹ̀lú egbò kí wọ́n tó wá. Ṣé wọ́n fẹ́ràn láti jókòó sílé ni? Owó ni. Ẹni tí wọ́n bá ní kó ra báńdéèjì lójoojúmọ́ nínú àpò ara ẹ̀, ewé ẹ̀yìnkùlé ló máa kọ́kọ́ lọ já.

Àwa ò sì ní sọ pé Nàìjíríà ò lè ṣe é. Láti ọ̀dọ̀ ìdílé oníṣègùn Ògúnyalé ni NIPRD, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń ṣèwádìí oògùn l'Ábújá, ti gba oògùn Niprisan fún àwọn tó ní fọ́níkú-fọ́nídìde, ata ìyẹ̀rẹ̀, osùn, kànáfùrù àti ewé ọkà bàbà ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n dán an wò, ó sì ṣiṣẹ́. Wọ́n wá gbé e fún ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan, ilé iṣẹ́ yẹn wọ gbèsè lọ́dún 2008, oògùn dáwọ́ dúró, àwọn òbí tó ń fi í tọ́jú ọmọ bá ń wá a kiri. Ó ṣì ń dùn wá. Kò yẹ kó tún ṣẹlẹ̀ sí egbòogi míì.

Torí náà, kí ìjọba àpapọ̀ gbé owó kalẹ̀ fún NIPRD àti àwọn ọsibítù yunifásítì wa, kí wọ́n fi ewé Akíntọ́lá àti àwọn ewé egbò wa yòókù ṣe jẹ́ẹ̀lì, kí wọ́n dán an wò lára èèyàn bó ṣe tọ́, kí àwọn oníṣègùn tó ni ìmọ̀ yẹn sì ní ìpín nínú ẹ̀ lórí ìwé. Kó tó dìgbà yẹn, kí NHIA, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìṣúra ìlera (insurance), bẹ̀rẹ̀ sí sanwó báńdéèjì àti jẹ́ẹ̀lì lásán tó ti wà lọ́jà fún gbogbo alátọ̀gbẹ tó bá ní egbò, láìdúró dẹnìkan. Kí wọ́n ní nọ́ọ̀sì ní sẹ́ńtà ìlera kọ̀ọ̀kan tí á máa yẹ ẹsẹ̀ aláìsàn wò, tó sì mọ ìgbà tó yẹ kó darí ẹ̀ sí ọsibítù ńlá, torí jẹ́ẹ̀lì kankan ò lè dá ẹsẹ̀ tó ti kú padà, ṣúgà náà ní láti wálẹ̀.

Ìyá alákàrà ti padà sídìí agbada ẹ̀. Àpótí ló ń jókòó lé báyìí, ẹsẹ̀ tí wọ́n gé ọmọ ìka ẹ̀ ṣì wà nínú báńdéèjì, àwọn ọmọ ẹ̀ ló sì ń dá owó gọ́ọ̀sì ọ̀sẹ̀ yìí jọ.