Kì í ṣe gbogbo wáìnì ló ń dára sí i bó bá ṣe ń pẹ́

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbà pé wáìnì pupa Ítálì tó bá ti wá láti oko àjàrà tó lórúkọ, bó bá ṣe ń pẹ́ nílé ni yóò máa dùn sí i. Wọ́n á ní ẹ má tíì ṣí i. Irọ́ ni, ó sì ń dùn mí, torí ọtí tó dára gan-an ló ń bàjẹ́ mọ́ inú ìgò báyìí. Èyí tó pọ̀ jù nínú wáìnì ayé, kí wọ́n tètè mu ún ni wọ́n ṣe pọn ọ́n.

Ẹni tó là á mọ́lẹ̀ ni Bettino Ricasoli, ẹni tó ni ilé olódi Brolio ní Gaiole, ní agbègbè Chianti ní Ítálì, níbi tí wáìnì pupa tó ń jẹ́ Chianti ti ń wá. Láti 1141 ni ìdílé rẹ̀ ti wà níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ṣe olórí ìjọba Ítálì, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ àjàrà kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Lọ́dún 1872, ó kọ lẹ́tà sí ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Pisa. Ó ní àjàrà pupa tó ń jẹ́ Sangiovese ló ń fún wáìnì òun ní òórùn àti agbára, Canaiolo, àjàrà pupa mìíràn, ló ń dín líle rẹ̀ kù. Malvasia, tó jẹ́ àjàrà funfun, ń jẹ́ kó fúyẹ́, kó tètè ṣeé mu pẹ̀lú oúnjẹ ojoojúmọ́. Ṣùgbọ́n wáìnì tí wọ́n bá fẹ́ tọ́jú pẹ́, ó ní Malvasia ò pọn dandan níbẹ̀. Oko kan náà, ọtí méjì, onílé fúnra rẹ̀ ló sì yà wọ́n sọ́tọ̀.

Nígbà tó di 1967, òfin wá sọ ọ́ di dandan kí àjàrà funfun kó ìdá 10 sí 30 nínú ọgọ́rùn-ún Chianti. Ìkórè ọdún 2006 ni Chianti Classico, ìyẹn Chianti tó wá láti àárín gbùngbùn agbègbè náà, tó lé e jáde pátápátá. Ẹ rántí èyí bí ẹnì kan bá fẹ́ ta ìgò Chianti àtijọ́ fún yín lówó gọbọi.

Ohun tó ń mú wáìnì pẹ́ ni kíkan rẹ̀ àti tannin, èyí tó ń fún ahọ́n bí obì. Sangiovese tí wọ́n fi ń ṣe Brunello, wáìnì pupa ìlú Montalcino ní Ítálì, ní méjèèjì dáadáa. Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, tannin á ṣù pọ̀, á di gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ nísàlẹ̀ ìgò. Pípọ́n rẹ̀ á máa ṣá, òórùn èso tútù á lọ, ti awọ àti ewé gbígbẹ á jáde. Síbẹ̀, ní Greppo, oko tí ìdílé Biondi Santi dá sílẹ̀, tí Brunello 1888 ti jáde, wọn ò fi ìgò Riserva àtijọ́ (èyí tí wọ́n tọ́jú pẹ́ kí wọ́n tó tà á) lé ọjọ́ orí nìkan lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi máa ń ṣí i, wọ́n á tọ́ ọ wò, wọ́n á fi wáìnì ọdún kan náà kún un, wọ́n á sì pààrọ̀ kọ́ọ̀kì.

Ibi ìpamọ́ náà ń kọ́? Ó gbọ́dọ̀ ṣókùnkùn, kó tutù tó nǹkan bí 13°C, kí ìgò dùbúlẹ̀ kí kọ́ọ̀kì má bàa gbẹ. Orí kọ́bọ́ọ̀dù nínú ooru Èkó kọ́ nìyẹn. Chianti lásán, ẹ mu ún láàárín ọdún mélòó kan. Brunello ńkọ́, bí ẹ kò bá ní ibi tútù, ẹ pe ará ilé, ẹ sun ẹran màlúù tì í, kí ẹ ṣí i lọ́dún yìí.