Ẹ má pe àtọ̀sí ajá ní ìbàlágà

Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ kọ̀wé lórí ẹ̀jẹ̀ inú ìtọ̀, àmọ́ ẹ ò mẹ́nu ba àwọn tó ń gbé létí odò. Ní agbègbè adágún Ọ̀yán nípìnlẹ̀ Ògùn, àtọ̀sí ajá, àrùn tó ń mú kéèyàn máa tọ ẹ̀jẹ̀, ń yọ àwọn ọmọ lẹ́nu: kòkòrò tó ń ti ara ìgbín odò jáde ló ń gba awọ wọn wọlé bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. Ìparí ìtọ̀ ni ẹ̀jẹ̀ náà sábà máa ń hàn. Àwọn kan á ní ọmọ ti ń bàlágà nìyẹn. Rárá o! Ẹ mú un lọ fún àyẹ̀wò ìtọ̀. Oògùn praziquantel wà fún un. Àgbàlagbà tó bá tọ ẹ̀jẹ̀ láìsí ìrora, pàápàá ẹni tó ń mu sìgá, kó tètè rí dókítà, kódà tí ẹ̀jẹ̀ bá ti dáwọ́ dúró. Jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀ lè bẹ̀rẹ̀ báyẹn.